Ara Ìgò Tí Ẹnikẹ́ni Kò Kà

Bí ẹ bá ń kánjú, ẹ má bá Màmá Pyo Sun-rye rìn. Ìbéèrè ni yóò fi dá yín dúró. Kí ló dé tí omi òkè fi ń tutù ju ti ìsàlẹ̀ lọ? Ta ló ń sọ fún àwọn ẹyẹ pé ìrẹsì ti gbó? Ogójì ọdún ni mo fi jẹ́ aládùúgbò rẹ̀, mi ò sì rí ọjọ́ kan tí ìdáhùn tó o.

Inú odò wa ló ti ń ṣa ìṣáwùrú tà lọ́jà. Òun ló fi rán ọmọ mẹ́ta lọ sí yunifásítì. Ìwé náà ló sì kó wọn lọ sí Seoul, olú ìlú Kòríà wa, bó ṣe kó ọmọ gbogbo wa, títí ilé ẹ̀kọ́ abúlé fi ṣófo. Màmá fúnra rẹ̀ kò mọ lẹ́tà kan. Bàbá rẹ̀ ló sọ nígbà tó wà lọ́mọdé pé ọwọ́ tó ń pọn àbúrò kò lè di pẹ́ńsù mú.

Nígbà tó yá, ìṣáwùrú bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́n. Ó yí òkúta padà títí, kò rí nǹkan kan. Ó ní Heo Beom-su, Baálẹ̀ wa, ló fà á, nítorí oko ápù rẹ̀ wà lókè odò, ó sì ń fín oògùn kòkòrò sí i.

"Beom-su, oògùn rẹ ti ba ọjà mi jẹ́!"

"Màmá, bóyá ojú yín ni ò ríran mọ́."

"Ojú tó rí ọ nígbà tí ò ń tọ̀ sára nìyí. Ó ṣì ń ríran dáadáa!"

Ọdún mẹ́jọ ni wọ́n fi ń fa ọ̀rọ̀ yìí.

Nígbà tí Màmá pé ọdún mọ́kànléláàádọ́rin, wọ́n ṣí kíláàsì àwọn ìyá àgbà nínú ilé ẹ̀kọ́ tó ṣófo náà. Ó jókòó sórí àga ọmọdé, orúnkún rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àgbọ̀n. Kí òtútù tó kásẹ̀ nílẹ̀, ó ti ń ka ara àpò iyọ̀, ó ń ka ara bọ́ọ̀sì, ó ń ka gbogbo ohun tó bá ní lẹ́tà lára.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó gbé ìgò oògùn tó ń fín sí ata rẹ̀. Ìdérí ni gbogbo wa fi ń mọ oògùn: aláwọ̀ ewé ń pa kòkòrò, aláwọ̀ ìyeyè ń pa koríko. Lọ́jọ́ yẹn, ó fi ìka tọ ara ìgò, ó kà á díẹ̀díẹ̀: "Ó ń pa ẹja àti ìṣáwùrú. Ẹ má ṣe fọ ohun tí ẹ fi fín in sínú odò."

Inú odò ló sì ti ń fọ tirẹ̀, níbi tó ti ń ṣa ìṣáwùrú gan-an, torí omi ibẹ̀ mọ́. Ojú tì í débi pé kò lè jẹun. Ó gbé ìgò, ó di ọ̀dọ̀ Baálẹ̀. Mo tẹ̀ lé e. Ẹ má dá mi lẹ́bi, mo fẹ́ gbọ́ ni.

Ó kà á fún Beom-su láti òkè dé ìsàlẹ̀. "Ọwọ́ èmi náà ò mọ́. Mo ti bú ọ pẹ́. Má bínú."

Beom-su kò rẹ́rìn-ín. Ó wá awò ojú rẹ̀, ó kà á lẹ́ẹ̀mejì.

"Màmá, ìdí afárá, nínú odò kan náà, ni mo ti ń fọ tèmi."

"Ìwọ tó ka ìwé girama tán! Ṣé o ò rí i kà ni?"

"Ìdérí ni mo máa ń wò. Ta ló ń ka ara ìgò?"

Ẹ̀rín fẹ́ pa mí, àfi bí mo ṣe rántí pé èmi náà kàwé, ìdérí lèmi náà ń wò. Màmá gbé ìgò tirẹ̀ sílẹ̀.

"Ìgò mélòó ló wà nílé?"

Mẹ́tàdínlógún ni. Ó ní kó kó gbogbo rẹ̀ síta. Ó ń kà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan: èyí tó ń pa ẹ̀dá odò lọ sápá kan, ìyókù sápá kejì. Beom-su fẹ́ bá a kà á kó lè yá.

"Fi sílẹ̀. Ìwọ ti ní àkókò tìrẹ láti kà á."

Nígbà tí ìgò tó ń pa ẹ̀dá odò di méjìlá, tí apá kejì ṣì jẹ́ méjì, Beom-su na ọwọ́ bo mẹ́ta tó kù.

"Màmá, ó tó. Ó ti yé mi."

"Ó yé ìwọ. Ìṣáwùrú ńkọ́?" Màmá ní. "Gbé ọwọ́ kúrò."