Ọmọlangidi Tó Ń Gbé Ọmọ Ilé Ìwé Mì

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ọ̀rọ̀ kan wà tí mo ti ń gbé kiri nínú láti ọjọ́ pípẹ́. Òní ni mo fẹ́ sọ ọ́ fún yín, ẹ bá mi fara balẹ̀.

Ìgbó-Ọrà ló ti ṣẹlẹ̀. Ogun abẹ́lé ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ni. Tíṣà ni mí, n kò tíì lọ́kọ, "Mísì" sì ni tọmọdé tàgbà ń pè mí.

Tẹlifíṣọ̀n ò wọ́pọ̀ lọ́dọ̀ wa nígbà yẹn. Èrúwà la ti ń lọ wò ó lọ́jọ́ Sátidé, èmi àti ẹlẹgbẹ́ mi kan, Tíṣà Àkàndé, lórí alùpùpù rẹ̀. Ètò ọmọdé kan wà tí a máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́. Àwọn ọmọlangidi ló ń kọ́ àwọn ọmọ ní a-b-d nínú rẹ̀. Wọn a máa rẹ́rìn-ín ṣáá, wọn a máa kọrin, inú kì í bí wọn. Ẹ̀yin tí ẹ ti kọ́ kíláàsì tó kún fọ́fọ́ rí, ṣé bẹ́ẹ̀ lẹ máa ń rẹ́rìn-ín?

Nígbà tí ọjọ́ àwọn òbí ń bọ̀ ní ilé ìwé wa, Tíṣà Àkàndé ní kí a ṣe irú rẹ̀, àmọ́ kí ọmọlangidi tiwa ṣe ohun tó wà lọ́kàn gbogbo tíṣà. Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Èmi ni mo rán an. Ìbọ̀sẹ̀ funfun ni mo lò, mo fi bọ́tìnnì ṣe ojú, mo fi aṣọ pupa ṣe inú ẹnu. Ẹnu ọ̀hún fẹ̀ gan-an. Mo sọ ọ́ ní Àǹtí Ẹlẹ́rìn-ín. Mo wá rán àwọn kékeré mélòó kan tí wọn yóò jẹ́ ọmọ kíláàsì rẹ̀.

Lọ́jọ́ náà, àwọn ọmọ jókòó sórí ẹní níwájú, àwọn àgbà wà lẹ́yìn. Èmi wà lẹ́yìn aṣọ tí a ta, ọwọ́ mi wà nínú Àǹtí Ẹlẹ́rìn-ín; Tíṣà Àkàndé mú àwọn kékeré dání, èmi ni mo sì ń fọhùn fún gbogbo wọn.

Àǹtí kọrin. Ó nawọ́ sí lẹ́tà, ó bi ọmọ kan pé kí nìyẹn. Ọmọ náà pe "b" ní "d". Àǹtí ní, "Kò burú, ọmọ dáadáa," ó sì gbé e mì. Ó tún bẹ̀rẹ̀ orin. Ọmọ kejì tún ṣì í pè, ó gbé òun náà mì. Nígbà tó kan èyí tó kẹ́yìn, Tíṣà Àkàndé ti fi epo pupa kun Àǹtí lẹ́nu bí ẹ̀jẹ̀.

Àwọn tíṣà ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ń lu ara wọn. N kò rí ojú àwọn ọmọ, ṣùgbọ́n mo gbọ́ bí wọ́n ṣe dákẹ́. Mo gbọ́ ọ dáadáa, mo sì ń bá a lọ, nítorí ẹ̀rín àwọn ẹgbẹ́ mi dùn mọ́ mi.

Ohun tó burú jù nìyí. Ọmọ kan wà ní kíláàsì mi tó máa ń pe "b" ní "d" gan-an báyẹn, Táyé. Ohùn rẹ̀ ni mo sín jẹ. Ibà ti pa á ní àkókò ọyẹ́. Ìkejì rẹ̀, Kẹ́hìndé, ọmọbìnrin, wà lórí ẹní níwájú. Ṣé mo gbàgbé ni, àbí mo rántí tí n kò kà á sí? N kò lè búra.

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, mo kọ lẹ́tà sí pátákó, mo pe Kẹ́hìndé. Ọmọ náà dìde, ó fi ọwọ́ méjèèjì bo ẹnu, ìtọ̀ sì ń ṣàn sí i lẹ́sẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, kò wá.

Ìyá rẹ̀ ló wá, lẹ́yìn tí àwọn ọmọ ti lọ tán. Gàrí ló ń yan tó fi dìde wá, eruku rẹ̀ ṣì wà lára ìró rẹ̀. Ó kí mi tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ó wá ní, "Mísì, ẹ má bínú o. Ta ni Kẹ́hìndé ní ẹ gbé mì?"

Mo ní, "Ìyá Ìbejì, ọ̀rọ̀ yìí ò yé mi."

Ẹ mọ̀ pé a kì í sọ pé ìbejì kú. Ọjà la máa ń sọ pé ó lọ, ohun tí wọ́n sì sọ fún Kẹ́hìndé nìyẹn. Ìyá rẹ̀ ní bí ọjà Ìdèrè bá pé, tàbí ti Lanlate, ọmọ náà a lọ dúró létí títì, a máa retí Táyé. Láti ọjọ́ àwọn òbí, kò dúró mọ́. Ó ní òun ti mọ ibi tó wà. Ó ní Táyé wà nínú Mísì, nítorí pé kò mọ "b".

Mo tẹ̀ lé e lọ sílé lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Lójú ọ̀nà, mo ń bẹ̀ ẹ́. Ó ní, "Èmi ni mo kọ́kọ́ purọ́ fún un, Mísì."

Nígbà tí a délé, ó gbé ọmọ náà lé ẹsẹ̀. Ó sọ fún un pé Táyé ò lọ sí ọjà kankan. Ó ní ibà ló pa á, pé ẹ̀yìnkùlé ni wọ́n sin ín sí, lábẹ́ igi ìyeyè.

Kẹ́hìndé ò sunkún. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó wá dúró níwájú mi. "Mísì, ẹ la ẹnu."

Mo kúnlẹ̀, mo la ẹnu. Ó di àgbọ̀n mi mú, ó yí i sí ìmọ́lẹ̀, ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó wo ọ̀fun mi. Ó pẹ́ kó tó jáwọ́. Ó wá padà sára ìyá rẹ̀, ó sì bú sẹ́kún, irú èyí tí ìyá rẹ̀ ní kò sun láti ìgbà ọyẹ́.

Ọmọ náà padà sí ilé ìwé nígbà tó yá, ní kíláàsì tíṣà mìíràn, èmi ni mo bẹ̀bẹ̀ fún un. Ó mọ̀wé. Ó máa ń kúnlẹ̀ kí mi láti òkèèrè. Àmọ́ títí mo fi kúrò ní Ìgbó-Ọrà, kò gba oúnjẹ lọ́wọ́ mi rí. Tíṣà Àkàndé ní ọmọdé kì í rántí nǹkan, pé mo ń da ara mi láàmú lásán. N kò bá a jà. Ọwọ́ tèmi ló kúkú wà nínú ìbọ̀sẹ̀ náà.

Ohun tí mo rí kọ́ rèé: bí àwọn ọmọdé bá dákẹ́ níbi tí àgbà ti ń rẹ́rìn-ín, ẹ dá eré náà dúró, kí ẹ wo ojú wọn. Bí a bá sì fi òótọ́ pamọ́ fún ọmọ, yóò wá ìdáhùn fúnra rẹ̀, tirẹ̀ sì lè burú ju ikú lọ.

Ẹ̀yin náà ńkọ́? Kí ló dẹ́rù bà yín ní kékeré tí ẹ kò rí ẹni sọ ọ́ fún? Àbí ta lẹ dẹ́rù bà tí ẹ kò tíì bẹ̀? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ níbí, màá kà á.