Òrùka Inú Àwo

Bàbá Ewé la máa ń pè é ní yàrá àyẹ̀wò wa. Kì í ṣe pé ó dàgbà jù wá lọ o, ewé ló ń bá jẹ, òun ló ń bá mu. Ọdún mọ́kànlá ló ti ń sá ewé níbòji, tó ń lọ̀ ọ́, tó ń rẹ ẹ́ sínú sípíríìtì. Yóò ki bébà róbótó bọ omi rẹ̀, yóò jẹ́ kó gbẹ, yóò fi lé orí àwo tí a gbin kòkòrò àìsàn sí. Bí kòkòrò bá kú, àyíká bébà á mọ́ roro bí òrùka.

Lọ́jọ́ kan, òrùka tóbi ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Inú rẹ̀ dùn, kò sì lè pa á mọ́ra. Ó sọ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, tí jẹjẹrẹ wà lọ́mú rẹ̀, pé ewé òun ń pa kòkòrò, ó sì se ewé náà fún un mu.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ọ̀gá wa wo àwo náà. "Èyí tí kò ní ewé, tí a ó fi wé e, dà?" Kò sí. Ọ̀gá ní kó ṣe é. Ó fi sípíríìtì lásán ṣe é bó ṣe ṣe ti àkọ́kọ́, òrùka kan náà ló yọ. Ìkánjú ni kò jẹ́ kí bébà rẹ̀ gbẹ, sípíríìtì tó kù lára rẹ̀ ló pa kòkòrò. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, òun gan-an ló máa ń pa òwe náà fún wa.

Orí rẹ̀ dàrú. Ṣé ewé ò wúlò ni, àbí òun ni ò tíì mọ̀? Ó gbọ̀nà ilé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ.

"Àbúrò mi, mo ti jẹun lẹ́ẹ̀mejì lónìí. Èébì ti dá."

"Abẹ́rẹ́ ọsibítù ńkọ́?"

"Mo ti pa á tì láti ọjọ́ tí o gbé ewé dé. Ṣebí o ní ó ń pa á."

Ẹ̀rù bà á gidigidi. Abẹ́rẹ́ yẹn ló ń mú un bì, ó yẹ kóun ti mọ̀.

"Kòkòrò inú àwo ni mo wí, ẹ̀gbọ́n mi, kì í ṣe jẹjẹrẹ. Kódà, ewé kọ́ ló pa á. Sípíríìtì ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká padà sọ́sibítù."

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ mú kọ́ọ̀pù tó fi ń mu ewé nílẹ̀.

"Ṣé sípíríìtì tó pa á yẹn ṣì wà níbi iṣẹ́ yín?"

Kò fi ṣe àwàdà rárá. Ó ti na kọ́ọ̀pù rẹ̀ sí i.