Rádíò Apá Aránṣọ

Òórùn èédú inú irin ìlọṣọ, àti ti aṣọ tuntun tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ́n omi sí, ló máa ń kọ́kọ́ pàdé ènìyàn lẹ́nu ọ̀nà ilé ìránṣọ kan ní Djègan-Kpèvi, kí ó tó gbọ́ ìró ẹ̀rọ kankan. Ọ̀rẹ́ mi kan ló ni ín, Àlájì tó mọ agbádá rán dáadáa. Mo kọ́ ọmọ rẹ̀ obìnrin ní ìṣirò nígbà tó wà ní kékeré. Ìwọ náà tí a jọ fi ẹfun kọ́ni fún ọ̀pọ̀ ọdún mọ irú ọmọ bẹ́ẹ̀: èyí tí yóò yanjú ìṣirò tán, tí yóò tún béèrè bóyá ọ̀nà mìíràn wà. Ó dàgbà, ó lọ sí yunifásítì, ìmọ̀ ìràwọ̀ ló yàn. Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, ilé ẹ̀kọ́ kan nílẹ̀ òkèèrè kọ̀wé sí i pé kó wá ṣe ìwádìí lórí ìtànṣán gámà tó ń jáde láti inú àwọn agbo ìràwọ̀. Wọ́n ní kó fèsì kí ọjọ́ Jimọ̀ tó pé.

Inú bàbá rẹ̀ dùn, ó sì bi mí pé kí ni gámà. Mo gbé àga sún mọ́ ọn, mo dáhùn bí olùkọ́ tí wọ́n ń pè ní Mẹ́tìrì. Ó ti ṣubú lórí alùpùpù rí, wọ́n sì ya rádíò fún apá rẹ̀ nílé ìwòsàn. Bẹ́ẹ̀ ni àwa ará Àjàṣẹ́ ṣe ń pe fọ́tò eegun, bí àwọn onífaransé ti ń pè é. Kì í ṣe rádíò tí a fi ń gbọ́ ìròyìn.

“Ẹ rántí rádíò tí wọ́n yà fún apá yín?” ni mo wí. “Ẹbí kan náà ni òun àti gámà. Ṣùgbọ́n gámà lágbára jù ú lọ fíìfíì.”

Ó wo apá rẹ̀, ó sì fọwọ́ pa á. Mo rò pé ẹ̀kọ́ mi ló ń wọ̀ ọ́ lára. Mo dìde, mo lọ sílé tayọ̀tayọ̀.

Ní Ọjọ́rú, ọmọ náà wá bá mi. Ó kúnlẹ̀ kí mi, ṣùgbọ́n ó kọ̀, kò jókòó.

“Mẹ́tìrì, kí lẹ sọ fún bàbá mi? Wọ́n ní n kò gbọdọ̀ lọ mọ́.”

“Ìwọ ńkọ́?”

“Bí wọn kò bá ṣàdúà fún mi, n kò ní lọ. Mo ti kọ lẹ́tà pé n kò ní lè wá, n kò tíì fi ránṣẹ́ ni.”

Mo wọ bàtà mi, a jọ gba ilé ìránṣọ lọ. Àlájì kò dá ẹ̀rọ rẹ̀ dúró nígbà tó rí wa.

“Ẹ jókòó, Mẹ́tìrì. Ẹ̀yin gan-an ni mo ń bá jà.”

“Ẹ bá mi jà, Àlájì. Ẹ ṣáà sọ ẹ̀ṣẹ̀ mi.”

“Nígbà tí wọ́n fẹ́ ya rádíò mi, wọ́n lé gbogbo aláboyún jáde. Obìnrin tó ń yà á fúnra rẹ̀ sá sẹ́yìn ògiri. Ó wá ku èmi nìkan bí àgbò iléyá! Bí ẹni tó ni iṣẹ́ bá ń sá fún un, tí ẹ sì ní èyí tí ọmọ mi ń lọ bá tún le jù ú lọ, ta ni yóò bí ọmọ ọmọ fún mi? Ẹ̀yin?”

Kò sí irọ́ kan nínú ohun tí mo kọ́kọ́ sọ fún un. Ṣùgbọ́n bí iná náà ṣe gbóná tó ni mo sọ, n kò sọ bó ṣe jìnnà tó.

“Àlájì, èmi ni mo ṣì í.”

“Mẹ́tìrì ṣì í? Ẹ tún un wí, kí gbogbo ilé gbọ́.”

Mo tún un wí. Mo ní àwọn ìràwọ̀ wọ̀nyí jìnnà débi pé kí a tó bí baba ńlá àwọn baba ńlá wa ni ìmọ́lẹ̀ wọn ti gbéra. Mo ní afẹ́fẹ́ tó bo ayé kì í jẹ́ kí gámà yẹn kàn wá, ìdí nìyí tí wọ́n fi gbé ẹ̀rọ tó ń wò ó lọ sókè, kọjá afẹ́fẹ́. Ìdí kọ̀ǹpútà lásán ni ọmọ yóò jókòó sí.

Ó wo ọmọ rẹ̀. “Bẹ́ẹ̀ ni?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá. Kò sí yàrá rádíò kankan tí mo máa wọ̀.”

“Kí lo wá fẹ́ máa wò?”

Ó gbé ọwọ́ lé kẹ̀kẹ́ ẹ̀rọ bàbá rẹ̀, ẹ̀rọ ẹlẹ́sẹ̀ àtijọ́ tó ń dán fún òróró. “Àwọn ìràwọ̀ tí iná inú wọn ti kú ni, Bàbá. Ọ̀kan kì í fẹ̀ ju àlọ àti àbọ̀ láti ibí dé Sèmè-Kpodji lọ, síbẹ̀ ó wúwo ju oòrùn. Á máa yí bí kẹ̀kẹ́ yìí, títí tí yóò fi rẹ̀ ẹ́. Ṣùgbọ́n ìràwọ̀ fún mọ́ra nínú agbo, kì í pẹ́ rí ẹnìkejì. Ara ẹnìkejì á máa ṣàn bọ́ sórí rẹ̀, bí ẹsẹ̀ yín ṣe ń ti ẹ̀rọ yìí, á sì tún máa yí, ọgọ́rọ̀ọ̀rún ìgbà kí ẹ tó pe bìsìmílà tán. Yíyí yẹn ló ń mú gámà jáde.”

“O ń rí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan?”

“Rárá o, wọ́n jìnnà jù. Ìmọ́lẹ̀ wọn ti pọ̀ mọ́ra. Bí àpapọ̀ rẹ̀ bá ṣe pọ̀ tó la fi ń díwọ̀n iye tó wà níbẹ̀.”

Àlájì dá ẹsẹ̀ dúró. Ó yí etí sí ògiri tó wà láàárín wa àti yàrá tí àwọn aránṣọ rẹ̀ yòókù ti ń ṣiṣẹ́, ó na ìka sókè.

“Mẹ́ta ló ń rán. Ìkẹrin ti dúró.”

Ọmọ rẹ̀ yọjú síbẹ̀. Lóòótọ́, ẹni kẹrin ń ki òwú bọ abẹ́rẹ́.

Ẹ̀rín bú jáde lẹ́nu Àlájì. “Ah! Iṣẹ́ mi ni o fẹ́ lọ ṣe lókè òkun!” Ó tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ méjèèjì, ọmọ kúnlẹ̀, àdúà bẹ̀rẹ̀. Àmín tèmi ló ròkè jù. Mo gbára lé àga mi bí ẹni tó sọ ẹrù kalẹ̀.

Ọmọ náà lọ, iṣẹ́ náà sì ń lọ dáadáa. Èmi tí mo fi gbogbo ayé mi fa ìlà pupa sábẹ́ àṣìṣe ọmọ ọlọ́mọ ló kù díẹ̀ kí n fi ìdáhùn tó tọ̀nà dá ọmọ padà lójú ọ̀nà. Láti ìgbà náà, n kì í dìde lórí àga kí n tó bi ẹni tí mo ń ṣàlàyé fún pé kí ló gbọ́ lẹ́nu mi. Bí mo bá sì dé ilé ìránṣọ náà, mo máa ń dúró síta, mo máa ń pariwo iye ẹ̀rọ tí mo gbọ́ kí n tó wọlé. Mo sábà máa ń ṣì í. Àlájì á sì dáhùn láti inú ilé pé, “Mẹ́tìrì, ẹ tún un kà!”