Dò ní Ìsàlẹ̀

Kó! Kó! Òkúta tí ìyá aládùúgbò wa fi ń pa èkùrọ́ gbá òkúta ilẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, kò sì sí èkùrọ́ kankan láàárín wọn. Mo mọ ìtumọ̀ rẹ̀. Mo tún ti ṣi okùn gìtá tẹ̀.

"Ẹkún ni mo ní kó o sun, ẹ̀rín lo ń rín sí mi! Ta ló ń ṣègbéyàwó níbí?"

Ilé rẹ̀ ló kángun sí tiwa ní Ìjerò. Òun fúnra rẹ̀ kì í ta gìtá. Ọkọ rẹ̀ ló ń ta á kó tó kú. Ó gbé gìtá náà fún mi nítorí ohun kan ṣoṣo: ó fẹ́ tún gbọ́ kọ́ọ̀dù, ohùn mẹ́rin tó jọ ń dún pọ̀, tí ọkọ náà máa ń fi parí orin nírọ̀lẹ́. Sólfà tó kọ́ nínú ẹgbẹ́ akọrin ló fi ń júwe rẹ̀: là, dò, mí àti sò, ṣùgbọ́n dò ni kó wà nísàlẹ̀, kì í ṣe là. Bí mo bá ti gbé dò sísàlẹ̀, ìka mi á gbàgbé là, gbogbo rẹ̀ á di ẹ̀rín. Bí mo bá rántí là, màá tún dá a padà sísàlẹ̀. Oṣù mẹ́ta gbáko! Òórùn àdín gba àgbàlá, ìka mi bó, ó sú mi, ó sú u.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, òkúta dákẹ́. Ẹ̀rù bà mí. Mo rò pé àṣìṣe mi ti kọjá èyí tí wọ́n ń fi òkúta sọ, mo sì yára gbé ìka kúrò.

"Dá a padà!" Ó ti dìde, èèpo èkùrọ́ ń dà sílẹ̀ lára ìró rẹ̀. "Ọmọ yìí, òun nìyẹn! Ta ní ní kó o gbé e kúrò?"

Mo wá a títí. Mi ò rí i mọ́.

"Máa lọ ulé yín," ó ní, "kí n tó ju òkúta yìí."

Nínú ìwé ni mo ti padà rí kọ́ọ̀dù náà, ní yunifásítì. Nígbà tí mo wálé fún ìsinmi, mo gbé gìtá, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé fún un bí ohùn mẹ́rin kan náà ṣe lè pààrọ̀ ìjókòó.

"Púròfẹ́sọ̀, ta ló bi ọ́ léèrè? Ta á jàre."

Mo ta á. Ó dún bí ẹni tó ń rẹ́rìn-ín tí omi wà lójú rẹ̀. Òkúta dákẹ́. Ọwọ́ mi tún fẹ́ sáré gbéra.

"Fi í síbẹ̀," ó ní.

Mo fi í síbẹ̀ títí okùn fi dákẹ́ fúnra rẹ̀.

Ìka mi ti le báyìí, inú sì máa ń bí mi sí gìtá nítorí ìyẹn. Ṣùgbọ́n èyí tó ń bí mi nínú jù ni pé títí dòní, bí àwọn ènìyàn bá dákẹ́ nígbà tí mo ń sọ̀rọ̀, mo ṣì máa ń yára yí ọ̀rọ̀ mi padà. Àgbàlagbà bíi tèmi! Ìgbà náà ni mo máa ń gbọ́ ohùn ìyá náà láti ẹ̀yìn òkúta èkùrọ́ rẹ̀: "Ta ní ní kó o gbé e kúrò?"