Bọ́ọ̀sì Aago Mẹ́fà

Bọ́ọ̀sì ìjọba ni mò ń wà. Àṣà wa ni pé kó kún kó tó gbéra. Ta ló fẹ́ jókòó wákàtí kan sínú ọkọ̀ tí kò lọ? Mo ní tèmi ti tó: bí aago mẹ́fà bá ti lù, mo ti lọ nìyẹn. Àwọn awakọ̀ ẹgbẹ́ mi ní afẹ́fẹ́ ni mò ń kó kiri. Lóòótọ́, nọ́ọ̀sì kan ṣoṣo ni mo gbé lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́. Mo kọtí ikún sí wọn.

Nígbà tó di oṣù kẹta, èrò tò dé ẹnu géètì. Mo rí ìyàwó mi láàárín wọn, ẹni tó ti búra pé òun ò ní í wọ bọ́ọ̀sì wa láéláé. Mo bú sẹ́rìn-ín.

Ó wo aago ọwọ́ rẹ̀. "Bàbá Ìbejì, aago mẹ́fà ti lù. Ṣé ẹ̀rín lẹ fẹ́ wà lọ ni?"