Ọkà Bíbu tí Bàbá Medúpin Sá sí Oòrùn

Lọ́jọ́ tí mo gbé ike ọkà bíbu wọ Odò-Àpé, inú mi dùn bíi ti ọkọ ìyàwó. Ìpínlẹ̀ Kwara ni wá nígbà náà. Kábà ni mo ti ń bá ìjọba ṣiṣẹ́, iṣẹ́ mi sì ni láti máa kọ́ àwọn àgbẹ̀ tó mọ oko jù mí lọ ní iṣẹ́ oko.

Iṣu Bàbá Medúpin, àgbà àgbẹ̀ kan níbẹ̀, ló ń ṣàìsàn. Bí ẹ bá bó o, abẹ́ èèpo rẹ̀ á ti dúdú, á ti gbẹ. Aràn inú ilẹ̀ ló ń jẹ ẹ́, aràn tó kéré débi pé ojú lásán kò lè rí i. Irú iṣu yìí, bàbá rẹ̀ ló fi í sílẹ̀ fún un. Ti gbogbo ará ìlú yòókù ti kú tán. Tí èyí bá lọ, ó lọ nìyẹn.

Ọ̀gá mi ní Kábà ló mọ ìbátan olú kan tó máa ń jẹ ẹyin aràn náà. Ó gbìn ín sára ọkà bàbà sísè títí ó fi hu irun funfun. Bàbá gbóòórùn rẹ̀, ó fa imú sẹ́yìn.

"Àgíríkì, ta ló sọ fún ọ pé mò ń sin adìẹ?"

"Bàbá, oògùn aràn ni. Ẹ bù ú sínú ebè, kí ẹ tó gbin iṣu. Ẹ̀mí wà nínú ẹ̀ o."

"Ẹ̀mí, nínú ọkà tó bu! Ẹ̀yin ọmọ ìwé, ẹ ò ní pa mí lẹ́rìn-ín kú."

Mo rẹ́rìn-ín, mo gun alùpùpù mi, ó di Àmúró. Iṣẹ́ ń dúró dè mí níbẹ̀.

Nígbà tí a wa iṣu, àkọ́kọ́ dúdú. Ìkejì dúdú. Bàbá ń wa á lọ títí ó fi kan ebè tó kẹ́yìn. Mo bi í:

"Bàbá, báwo lẹ ṣe lo oògùn yẹn?"

"Mo tọ́jú ẹ̀ ju bí o ṣe wí lọ. Mo sá a sórí àpáta fún ọjọ́ mẹ́ta, mo sì fi eérú ra á lára. Kí ni èèyàn ń rì mọ́lẹ̀ tí kì í kọ́kọ́ sá?"

Òótọ́ ni. Bí wọ́n ṣe ń ṣe iṣu tí wọ́n bá gé fún gbígbìn nìyẹn. Mo ti jókòó jẹun lórí àpáta yẹn rí, iṣu gígé lọ́tùn-ún, iṣu gígé lósì. Oòrùn nìkan tó láti pa oògùn náà, ká má tíì sọ ti eérú. Mo mọ̀. Ìkánjú Àmúró ni kò jẹ́ kí n sọ ọ́.

"Àbí kò yẹ kí n sá a ni?"

"Ẹ jẹ́ kí n bi ọ̀gá mi."

Mi ò bi ẹnikẹ́ni. Mo kọ ìwé sí ọ́fíìsì pé àgbẹ̀ náà kò tẹ̀lé ìlànà. Nígbà tí mo padà lọ sí Odò-Àpé, ẹ̀dà rẹ̀ wà nínú fáìlì mi.

"Wọ́n ní o kọ̀wé nípa mi sí ìjọba," Bàbá wí. "Kà á fún mi."

Mo ṣí i. Mo gbé e sókè dáadáa, mo kà á sókè: "Àgbẹ̀ yìí ṣe gbogbo ohun tí a ní kó ṣe."

Ó mí kanlẹ̀. "O ṣeun, ọmọ mi. Mo ti ń rò pé ọwọ́ mi ni mo fi pa á." Ó wá bi mí: "Tó bá jẹ́ pé mo ṣe é bó ṣe yẹ, kí ló wá pa iṣu bàbá mi?"

Mo pa ìwé náà dé. Mo ní aràn ni.