Awọlẹ̀yọ Ẹ̀yìnkùlé Wa ní Agége

Ọkùnrin tó ń wa katapílà náà pa ẹ̀rọ rẹ̀ kí ó lè mu gààrí, ìgbà náà ni a ráyè wọ inú igbó. Kíláàsì mi, Sítáńdáàdì Tírì, ni mo kó lọ síbẹ̀ fún ẹ̀kọ́ nípa ẹ̀dá. Ààrin Ọgbà àti Ìkejà ni igbó yìí wà, ọdún díẹ̀ ló sì kù kí a gba òmìnira. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń la ilẹ̀ ibẹ̀ fún àwọn ilé iṣẹ́.

“Tíṣà, kí lẹ ń wá?”

“Òdòdó ni.”

Ó wo ìdajì igbó tó ti wó lulẹ̀. “Ẹ ṣe kíá o. Tí mo bá mu gààrí yìí tán, ibi tí ẹ dúró sí yẹn ló kàn.”

Gbogbo wa bẹ̀rẹ̀, a fi igi àti ọwọ́ walẹ̀. Nígbà tí ó fi fọ abọ́ rẹ̀, a ti hú mẹ́fà.

N óò kọ́kọ́ sọ bí òdòdó náà ṣe rí. Ní ìbẹ̀rẹ̀ òjò, igi kan ṣoṣo á yọ láti inú ilẹ̀, láìsí ewé kankan lára rẹ̀. Orí igi náà á sì là di bọ́ọ̀lù pupa tó tóbi tó orí ọmọdé. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún òwú pupa tín-ín-rín ló di bọ́ọ̀lù náà, ìyẹ̀fun yẹ́lò sì wà ní ṣóńṣó ọ̀kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ewé tó máa ń jáde. N kò rí orúkọ kan tí gbogbo ènìyàn fẹnu kò sí fún un, nítorí náà n kò ní tan yín jẹ. Gbòǹgbò rẹ̀ dà bí àlùbọ́sà, ṣùgbọ́n májèlé ni. Mo kìlọ̀ fún àwọn ọmọ mi nígbà náà, mo sì ń kìlọ̀ fún ẹ̀yin náà.

Ọ̀gá iléèwé wa kò gbà kí n gbìn ín sí ọgbà iléèwé. Alábẹ̀wò iléèwé ń bọ̀, òdòdó tí a tò ní ìlà gbọọrọ, tí a fi òkúta tí a kùn ní ẹfun yí ká, ni wọ́n fẹ́. “Iléèwé ni èyí, Tíṣà,” ni wọ́n wí. “Igbó la ń kó àwọn ọmọ yìí kúrò nínú rẹ̀, ẹ sì tún ń kó igbó bọ̀.”

Mo ru ẹrù mi lọ sílé. Yàrá kan ni mo gbà ní Agége lọ́dọ̀ káfíńtà kan, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Bàbá Ràímì. Ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ ní igi òroǹbó kan, ibòji rẹ̀ sì dára. Abẹ́ rẹ̀ ni mo gbìn wọ́n sí, mo fi ẹsẹ̀ kan àbọ̀ la wọn láàrin, mo jẹ́ kí ọrùn wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ kan òkè ilẹ̀. Kì í ṣe pé n kò mọ̀ pé ibẹ̀ ni Bàbá Ràímì fẹ́ kọ́ ilé ìdáná ìyàwó rẹ̀ sí kí òjò tó dé. Abẹ́ ọ̀run gbangba ni Ìyá Ràímì ti ń dáná láti ọdún mẹ́rin. Nígbà tí mo bẹ Bàbá Ràímì, ó ní kí n gbìn ín ná, tí ó bá yọ kí a tó nílò ibẹ̀, a óò jọ wò ó.

Ọyẹ́ dé. Ewé wọn pọ́n, wọ́n wó, wọ́n sì pòórá. Ojoojúmọ́ ni àwọn ọmọ ń bi mí pé, “Tíṣà, ẹ̀mí ń bẹ lára wọn?” Àánú wọn ṣe mí. Mo ń fa omi kànga ní àárọ̀ àti ní ìrọ̀lẹ́, mo ń bomi rin ibi tí n kò ti rí nǹkan kan. Mo tiẹ̀ kọ ọ́ sójú pátákó pé: Òdòdó yìí máa ń kú ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn.

Ní ọjọ́ kan mo gbóòórùn. Mo walẹ̀ wò: ọ̀kan ti rà, ó rọ̀ pẹ̀tẹ̀ sí mi lọ́wọ́. Ìyá Ràímì dúró lẹ́yìn mi pẹ̀lú ìgbálẹ̀.

“Tíṣà, iṣu tí wọ́n kó sí àká, ta ní ń bomi rin ín?”

“Kò sí, mà.”

“Kí ló wá dé tí o fi ń wẹ èyí láàárọ̀ lálẹ́? Ọmọ tuntun ni?”

“Mo rò pé wọ́n ń kú ni, mà.”

“Kò kú. Ó wọlẹ̀ ni.” Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. “Ìwọ tí ò ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní Yorùbá, o ò mọ̀ pé kú yàtọ̀ sí wọlẹ̀?”

Mo mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n n kò rò ó dé ibẹ̀. Àwọn baba wa kì í sọ pé akọni kan kú. Wọ́n á ní ó wọlẹ̀, nítorí ẹni tó wọlẹ̀ kò tíì parí ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ní ọjọ́ kejì mo nu ojú pátákó, mo kọ wọlẹ̀ síbi tí kú wà. Ọmọ kan nawọ́ sókè, ó ní ṣé ènìyàn lè wọlẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ ìdánwò. Mo ní rárá.

N kò bomi rin wọ́n mọ́. Ṣùgbọ́n ìgbálẹ̀ Ìyá Ràímì kù. Ẹ mọ̀ pé lọ́dọ̀ wa, ilẹ̀ tí a gbá tí ó ń dán ni ilẹ̀ mímọ́, kò sì sí ẹni tó ń gbálẹ̀ bí obìnrin yìí. Gbígbá ojoojúmọ́ ń bó erùpẹ̀ kúrò lórí wọn. N kò lè ní kí ó dáwọ́ dúró, àgbà ni. Òun fúnra rẹ̀ ló rí ọrùn ọ̀kan tó yọ síta, ó sì fi igun yẹn sílẹ̀. Ewé òroǹbó bò ó. Aládùúgbò kan bi í lórí ògiri pé, “Ìyá Ràímì, ìgbálẹ̀ yín ti re Mẹ́kà ni?”

“Ó lọ,” ni ó dáhùn. “Kò tíì dé.”

Òjò àkọ́kọ́ rọ̀, ó bá ìkòkò rẹ̀ lórí iná, ó sì pa iná náà. Kò sí ohun tó yọ. Òjò kejì tún rọ̀. Ìyá Ràímì di abọ́ mú lórí ọbẹ̀, omi ń ṣàn ní ẹ̀yìn rẹ̀, kò sì sọ nǹkan kan sí mi. Ìyẹn dùn mí ju kí ó bú mi lọ.

Bàbá Ràímì ló sọ̀rọ̀. “Tíṣà, a ti dúró tó. Òdòdó ò lè bo èèyàn lórí. Lọ́la ni mo máa ri òpó.”

“Ẹ ṣeun, sà,” ni mo wí. Kí ni n bá tún wí?

Ọjọ́ Sátidé ni. Ó gbé dígà, ó gbẹ́ ihò àkọ́kọ́. Dígà náà gé ọ̀kan sí méjì. Funfun ni inú rẹ̀, omi sì ń jáde lára rẹ̀. Ó tẹ̀síwájú sí ibi ihò kejì, ó gbé dígà sókè.

“Bàbá Ràímì, ẹ dúró.”

Ìyá Ràímì ló pè é, ó sì kúnlẹ̀. Ó fi ìka kó ewé òroǹbó kúrò. Ẹnu ṣóńṣó kan, aláwọ̀ ẹ̀jẹ̀, tó tóbi tó àtàǹpàkò, ti ti ilẹ̀ líle yẹn sókè, ilẹ̀ tí ọkọ rẹ̀ gbé dígà sókè lé lórí. Ó kó ewé sí i. Òmíràn. Òmíràn. Mẹ́rin ni wọ́n. Bàbá Ràímì fi dígà ti ògiri jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, bí ẹni tí kò fẹ́ jí ọmọ tó ń sùn.

Láàrin ọ̀sẹ̀ náà wọ́n là. Mo kó kíláàsì mi wá, ọmọ mẹ́tàdínlógójì, ariwo wọn ti ṣáájú wọn dé. Nígbà tí wọ́n yí igun ilé, ẹsẹ̀ wọn dúró. Wọ́n jókòó sórí ilẹ̀ láìjẹ́ pé mo ní kí wọ́n jókòó. Bọ́ọ̀lù pupa mẹ́rin ń jó nínú ibòji, kò séwé, kò sí nǹkan kan tó sọ ibi tí wọ́n ti wá. Ọ̀gá iléèwé wa, tí wọ́n ní àwọn ń bọ̀ wá wo ìdí tí kíláàsì mi fi jáde, ṣí fìlà wọn, wọ́n sì dì í mú lẹ́yìn. Ìyá Ràímì ló sọ wọ́n lórúkọ níṣojú gbogbo wa: Awọlẹ̀yọ.

Mo ti kọ́ni ju ọgbọ̀n ọdún lọ lẹ́yìn ìgbà náà. Gbòǹgbò mẹ́rin yẹn bí ọmọ, ọmọ bí ọmọ, wọ́n sì wà ní ẹ̀yìnkùlé púpọ̀ báyìí, láti Onígbòǹgbò dé Ìlúpéjú. N kò tíì rí ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ àwọn ọmọ tó tó ọjọ́ yẹn.

Ní ọjọ́ náà, nígbà tí àwọn ọmọ lọ tán, mo lọ bẹ Ìyá Ràímì. Bàbá Ràímì ti ń kó òpó rẹ̀ lọ sí ẹ̀gbẹ́ ilé, ibi tóóró tí ènìyàn kan péré lè dúró sí. Mo ní kí ó má bínú, pé mo gba àyè ilé ìdáná rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀.

Kò gbójú kúrò lára òdòdó.

“Ilé ìdáná, ibi gbogbo la ti lè kọ́ ọ. Tíṣà, èyí ńkọ́? Ta ló lè kọ́ ọ?”

Èmi tí wọ́n ń sanwó fún láti kọ́ni, mo gbé òpó kan, mo sì tẹ̀lé Bàbá Ràímì.